Mo Ní Ó Yege

Ẹni tí kò mọ Sókótó ló máa ń rò pé oòrùn ni ohun tó le jù níbẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nínú oòrùn náà, ara mi sì ti gbà á. Ohun tí ara mi kò tíì gbà ni ọjọ́ Àìkú kan tí mo dìde láàárín àwọn ará ìlú mi, tí mo tún ìborùn mi ṣe, tí mo sì sọ fún wọn pé ọmọ mi obìnrin yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Kò yege. Ó ti tó ọjọ́ méjì tí mo ti mọ̀ pé kò yege.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kasarawa. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Kofar Doya, àwọn awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Kalambaina ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n Sókótó la bí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni mo ti ṣe òfin kan nínú ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Hausa kọjá ẹnu ọ̀nà. Níta, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ti bọ́ bàtà sílẹ̀, Yorùbá ni, bí kò bá jẹ́ Yorùbá, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ẹgba ti òfin náà lẹ́yìn. Mo ti rí ọmọ àwọn ẹlòmíràn tí kò lè kí bàbá rẹ̀ àgbà tí wọ́n bá délé, mo sì búra pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Àkọ́bí náà, ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò rú òfin. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òfin lè ṣe fún ohun tí ń bẹ lẹ́nu ọmọ. Hausa rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwa fi ń ná ata lọ́jà. Àwọn ìyàwó ilé ní àdúgbò a máa ránṣẹ́ pè é kó wá bá wọn ka ìwé tí ọkọ wọn fi ránṣẹ́, kó sì bá wọn kọ èsì. Àwọn àgbà Hausa a máa rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ òwe lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á ní ta ló bí èyí. Mo máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì máa ń pòṣé. Ó ku díẹ̀ kó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń mẹ́sẹ̀, ìṣirò kò wọlé, òwe Hausa ló ń pa kiri.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni èsì ìdánwò dé. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé, fóònù rẹ̀ la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè àti kẹ́míkà, kò sí èyí tó kọjá. Ẹ̀kọ́ ìsìn Mùsùlùmí dára. Hausa nìkan ló gba máàkì tó ga jù lọ, èyí tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, kò sunkún. Nígbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Màámi, ẹ wo Hausa.”

Mo ní, “Ta ni kò gbọ́ Hausa ní Sókótó? Ewúrẹ́ tó wà níta yẹn náà gbọ́ Hausa.”

Ọkọ mi ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, pé kí n fara balẹ̀, kí a jọ ronú ibòmíràn tí ọmọ lè gbà. Mo ní kó má fi òwe bo ìtìjú mọ́lẹ̀ fún mi. Olùkọ́ ni mí. Ọmọ olùkọ́ ló fìdí rẹmi yìí.

Ó yẹ kí n sọ bí ìpàdé wa ṣe ń rí, torí pé mi ò mọ ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwa ọmọ ìlú tó wà ní Sókótó máa ń péjọ sí kíláàsì kan tí wọ́n yá wa. Kí àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò, wọ́n á jáde síwájú, ààfáà á gbàdúrà, pásítọ̀ á gbàdúrà, gbogbo wa á ṣe àmín. Tí èsì bá dé, alága á máa pe òbí kọ̀ọ̀kan, òbí á dìde, á sì sọ bó ṣe lọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ obìnrin á ra àpótí aṣọ tuntun onítáyà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sí yunifásítì. Ọmọ á kúnlẹ̀ gbà á lójú gbogbo ènìyàn.

Lọ́dún tó ṣáájú tiwa, ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé dìde nígbà tó kàn án. Ó ní, “Ọmọ mi kò yege. Ẹ bá mi gbàdúrà.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbàdúrà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ń tẹ́ táìsì ilẹ̀ sì ní kó mú ọmọkùnrin náà wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Gbogbo ènìyàn dúpẹ́. Èmi ni mo tún dìde. Mo fi ohùn kíláàsì sọ fún ìyá yẹn pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í kúrò nídìí ìsọ̀, ta ni kó bá a wo ìwé rẹ̀? Mo ní kó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa. Ó ní “Ẹ ṣé, Tíṣà,” ó sì jókòó.

Ẹ̀yìn mi gan-an ni ìyá yìí jókòó sí lọ́jọ́ tó kàn mí. Mo ti pinnu nílé pé n óò sọ òótọ́, mo tiẹ̀ ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé wa lọ. Alága pè mí. Bí mo ṣe dìde, mo gbọ́ tí ìyá yẹn mí lẹ́yìn mi. Kò ju mímí lọ. Mo ní, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yege.”

Alága ní níbo ló ń lọ. Mo ní Ìlọrin, ní yunifásítì. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wo bàtà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé kí èmi fúnra mi sọ fún ọmọ. Ni mo bá pe ọmọ mi jókòó, mo sì sọ fún un pé ó ti wọlé sí yunifásítì. Ó wò mí títí, ó ní, “Èmi, Màámi?”

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí aládùúgbò wa kan, Hájíà kan tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkarùn-ún sí tiwa, wọlé tọ̀ mí wá. Òpópónà kan náà ni èmi àti ẹ̀ jọ wà. Òun ló máa ń ṣe ètò àwọn obìnrin lórí rédíò kan nílùú ní àràárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì máa ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní ìwé kíkà nínú pálọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Hájíà ní òun ti gbọ́ pé ìdánwò kò lọ déédéé, ọmọ ti sọ fún òun. Ó ní kí n má bara jẹ́. Ó ní Hausa tó wà lẹ́nu ọmọ yìí, òun kò rí irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí òun bí. Òun fẹ́ kó wá máa bá òun ṣe ètò náà, kó kọ́ iṣẹ́ rédíò láti ìsàlẹ̀, kí ó sì máa kàwé láti tún Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ní kó mú un wá.

Mo ń fi tọkàntọkàn sọ ọ́ lónìí pé ohun rere ni. Kì í ṣe pé mi ò rí i. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìpàdé ló wá, bóyá ẹkún ayọ̀ ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìsọ̀ Yorùbá ní Kofar Doya ló máa ń gbọ́ rédíò yẹn. Gbogbo wa ló mọ ohùn ọmọ náà, torí òun ló máa ń ké Kùránì níbi wòlímọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ọmọ tí mo ní ó wà ní Ìlọrin, báwo ni wọn yóò ṣe máa gbóhùn rẹ̀ ní Sókótó ní gbogbo Ọjọ́bọ̀?

Mo ní kò ṣeé ṣe. Hájíà ní kí ló dé. Mo ní a ti ní ètò mìíràn fún un. Ọmọ mi kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ. Mo ṣèlérí, n óò tún ìdánwò náà ṣe.” Yorùbá ló fi sọ ọ́, inú ilé la sì wà. Mo ní kó dìde. Hájíà wo èmi, ó wo òun, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pín àpótí, ọmọ márùn-ún ni wọ́n pè. Ìkẹta ni wọ́n pe tèmi. Àpótí aláwọ̀ ojú ọ̀run ni, nínú ọ̀rá rẹ̀, páálí tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀. Alága gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní kò ní sọnù, kò ní ṣìnà, ìwé tó lọ kà yóò mọ́ ọn lórí. Ọmọ mi ní “Ẹ ṣé, Bàbá” pẹ̀lú ohùn tó fi jẹ́ pé ìlà iwájú nìkan ló gbọ́. Àwọn obìnrin ní ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́, ẹ wo ìtẹríba. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú àpótí náà, kò wò mí. Mo bínú sí i pé kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà náà: mo purọ́ lórí ọmọ, mo sì tún ń bínú pé kò mọ irọ́ náà ṣe dáadáa.

Ohun tí mo rò ni pé n óò rán an sílé, sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti lọ sí ẹ̀kọ́ àkànṣe, yóò tún ìdánwò ṣe, yóò sì wọ yunifásítì Ìlọrin lóòótọ́. Ọdún kan péré, irọ́ á di òótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo tún sọ fún un pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Kò sí ìgbà kan tí mo ronú pé ilé tèmi ni mò ń wí. Òun kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lọ níbẹ̀ rí, nígbà Iléyá.

Òwúrọ̀ kùtù ni mo sìn ín lọ sí ibùdókọ̀. Inú àpò ńlá tí a fi ń kó ẹrù lọ́jà ló kó aṣọ rẹ̀ sí. Mo ní kí ló dé tí kò kó o sínú àpótí. Ó ní àpótí náà kì í ṣe tòun. Mo ní bí ìyàwó ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá wà ní ibùdókọ̀ ńkọ́? Ó gbé àpótí náà dání. Òfìfo ni ó lọ. Láti Sókótó dé Ògbómọ̀ṣọ́, àpótí òfìfo nínú ọ̀rá, nítorí ojú àwọn ènìyàn tí kò tiẹ̀ sí ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì. Ìṣirò kọjá, ó fara pa kọjá. Gẹ̀ẹ́sì kò kọjá. Ó pè mí, ó sọ fún mi, kò sunkún lórí fóònù. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ta ni mo ní tí n óò sọ fún?” Àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi tó wà nínú agbo-ilé ló ń pè é ní Gàm̀bàrí. Bó bá la ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sín in jẹ. Yorùbá tí mo fi ẹgba kọ́ ọ nìyẹn o. Ní Sókótó, ọmọ Yorùbá ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Gàm̀bàrí. Ìyá ọkọ mi ló sọ èyí fún mi, ó ní ọmọ náà ti dákẹ́ jù, kí n wá mú un. Mo ní kí ọmọ fara dà á.

Èmi náà kò sinmi. Ní gbogbo oṣù ni wọ́n ń bi mí ní ìpàdé pé báwo ni ọmọ wa ní Ìlọrin. Mo ní ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ló ń kà, èyí tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ gan-an. Nígbà kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, inú mi dùn, mo ní n óò sinmi irọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan bá ní ṣé ọmọ kò wá sílé ni, nígbà tí àwọn tiwọn ti dé? Mo tún ní láti wá òmíràn sọ.

Ọdún kẹta ni mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ọlidé. Mo bi ìyá ọkọ mi pé ọmọ dà, ó ní kí n lọ wò ó lọ́jà, níbi tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti Sókótó ni àlùbọ́sà yìí ti ń wá, tírélà tírélà. Mo débẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kí n tó rí i. Lórí àpò àlùbọ́sà ló jókòó sí lábẹ́ páànù, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan, ó ń bá awakọ̀ kan jiyàn ní Hausa. Gbogbo àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọkùnrin arẹ́rù, àwọn awakọ̀, àti àwọn ìyá Yorùbá tó wá rajà tí wọn kò mọ ohun tó sọ. Ó yí sí àwọn ìyá náà, ó tú u sí Yorùbá fún wọn, àwọn náà sì bú sẹ́rìn-ín. Òun ni alárenà wọn. Tí tírélà bá dé, àwọn ará Sókótó á ní àfi òun, àwọn ìyá tó ń rà á náà á ní àfi òun, torí pé kò sí ẹni tó lè rẹ́ ìhà kankan jẹ lójú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà.

Ẹ ò rí nǹkan? Ǹ bá dì mọ́ ọn. Ìbínú ni mo mú jáde. Mo ní, “Ṣé ìdí àlùbọ́sà ni mo rán ọ wá?”

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpò, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ, ó sì dìde. Ó ní, “Ẹ ò rán mi wá síbì kankan, Màámi. Ẹ fi mí pamọ́ ni.”

Kò pariwo. Bí ẹni ń sọ iye ọjà ló ṣe sọ ọ́. Ó ra omi tútù fún mi, ó ní kí n jókòó níbi tí oòrùn kò dé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ torí tírélà mìíràn ti ń wọlé.

Bí mo ṣe padà dé Sókótó, mo tọ Hájíà lọ. Mo rẹ ara mi sílẹ̀. Mo ní kó jọ̀wọ́, ṣé ibi tó wí lọ́jọ́sí ṣì ṣófo, pé mo ti ṣe tán láti jẹ́ kí ọmọ wá. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti gba ọmọbìnrin mìíràn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ni mo rí nínú ẹ̀bùn ọmọ tí mo fi ń fi í pamọ́ bí ẹrù olè. Ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀: pé ọmọ mi máa ń bá tírélà wá sí Sókótó nígbà ìkórè àlùbọ́sà, á lọ bá àwọn àgbẹ̀ dúnàá-dúrà, ilé òun ló sì máa ń sùn sí.

Ìkarùn-ún sí ilé mi. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo ní ṣé mo ti kú ni, tó fi ń dé Kasarawa tí kò wọlé kí mi. Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ ní wọn ò gbọdọ̀ rí mi ní Sókótó.” Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tó lọ. Mo ti gbàgbé, òun kò gbàgbé. Ọkọ mi ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ń wá, ilé Hájíà ló ti máa ń lọ rí i. Ó ní ọmọ náà ló ní kí òun má sọ.

Ọdún yìí ló pé ọdún kẹrin. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, alága ní ó yẹ kí ọmọ wa ti parí, pé tó bá fẹ́ lọ ṣe agùnbánirọ̀, kí wọ́n mú un wá kí àwọn súre fún un. Mo rò ó fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní n óò dìde, n óò sọ gbogbo rẹ̀. Mo tún pe ọmọ náà, mo sọ fún un pé n óò sọ ọ́, kí òun lè máa wọ ilé bàbá rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ó ní, “Tí ẹ bá sọ ọ́, Màámi, n óò wá bá yín ṣọdún.” Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi tàtijọ́ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, awakọ̀ tírélà kan dúró níwájú ìsọ̀ ọkọ mi ní Kofar Doya. Ọsàn ló kó bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó gbé àpótí kan sọ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, páálí ṣì so mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní alárenà àwọn ní kí òun gbé e fún ìyá rẹ̀, pé kí wọ́n dá a padà fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ fi fún ọmọ tó ń lọ lóòótọ́. Ọkọ mi gbé e wá sílé. Ó fi í sórí àga, ó ní, “Ó ti ṣe ìdajì rẹ̀ fún ọ. Ìdajì tó kù nìyẹn.”

Mo gbé àpótí náà lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ mẹ́fà ló ń lọ sí yunifásítì lọ́dún yìí, àpótí márùn-ún ni ẹgbẹ́ obìnrin rí rà. Ẹni kẹfà tí kò rí gbà ni àbúrò ọmọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ táìsì, ọmọ ìyá tó ń ta aṣọ ọmọdé. Wọ́n ń fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún un pé tirẹ̀ á dé lóṣù tó ń bọ̀. Alága rí èmi pẹ̀lú àpótí, ó ní, “Tíṣà, kí ni ẹ gbé dání?”

Mo dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Gbogbo ojú kọjú sí mi, ìyá yẹn náà yíjú padà, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ kò sì le. Tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ le ni, bóyá ǹ bá lè sọ ọ́. Mo ní, “Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ó ní òun ti parí, pé kí a fi fún ọmọ tó ń lọ.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá yẹn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo ti dójú tì í ní kíláàsì kan náà. Ó ní, “Ẹ ó jèrè ọmọ yín, Tíṣà.” Mo ní àmín. Mi ò wo ibi tí ọkọ mi jókòó sí. Nígbà tí ìpàdé tú, ó ti lọ.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi. Kì í pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ ọjà wọn ni. Ó bi mí pé ṣé mo ti gbé àpótí náà débẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni mo sọ fún wọn. Ó rẹ̀ mí láti purọ́ fún òun náà, ni mo bá sọ fún un ohun tí mo sọ níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo ń gbọ́ àwọn arẹ́rù lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ka àpò. Mo dúró de ìbínú rẹ̀. Ká ní ó bínú sí mi ni, ká ní ó tiẹ̀ pariwo, ǹ bá ní ohun tí mo lè bẹ̀ ẹ́ fún. Ó kàn ní, “Tò, sai an jima,” pé ó dìgbà kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń dágbére fún oníbàárà tí ọjà kò pa òun àti wọn pọ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò bá mi sọ Hausa rí. Orí ibùsùn mi ni mo jókòó sí, bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dá a lóhùn bí wọ́n ṣe máa ń dá a lóhùn, pé Ọlọ́run á mú wa débẹ̀, Hausa sì ni èmi náà fi sọ ọ́.